Ilé Tí A Kọ́, Ọmọ Tí A Kò Kọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ti gbọ́ ìdajì rẹ̀, ahọ́n a máa parí èyí tí ó kù láìdúró de ọkàn. Bóyá ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kò fi tún gbé e yẹ̀ wò mọ́. Àwọn tí wọ́n pa á lówe gbà pé bàbá ni yóò máa jẹ́ bàbá, ọmọ ni yóò sì máa jẹ́ ọmọ: bàbá a fi òógùn ojú kọ́lé, ọmọ aláìlẹ́kọ̀ọ́ a sì gbé e tà nígbà tí bàbá bá ti fi ilẹ̀ bora. Kò wá sí wọn lọ́kàn pé ọjọ́ ń bọ̀ tí bàbá fúnra rẹ̀ yóò ta àgbàlá tí ọmọ ti ń kọ́ ìrìn, tí yóò wá lọ kọ́ ààfin ẹgbàágbèje ìjókòó fún ọmọ tí kò tíì mọ ìrìn í rìn, tí yóò sì pe ìlú jọ pé kí wọ́n wá wo bí òun ti fẹ́ràn ọmọ òun tó. Ààfin tí mò ń wí yìí ni pápá ìṣeré ìgbàlódé.

Bí ìjọba kan ní ilẹ̀ wa bá fẹ́ kọ́ pápá tuntun, ohun àkọ́kọ́ tí a óò rí kì í ṣe iyanrìn, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe irin, àwòrán ni. Àwòrán náà, tí wọ́n gbé sójú pátákó tí ó ga ju ilé alájà méjì lọ, a máa dán gbinrin. Koríko inú rẹ̀ a tutù yọ̀yọ̀ lóṣù Ṣẹẹrẹ tí ọyẹ́ ti sọ gbogbo koríko ìlú di pàǹtí. Àwọn òǹwòran inú rẹ̀ a sì jẹ́ òyìnbó láti ìlà kìn-ín-ní dé ìlà ìkẹyìn, nítorí kọ̀ǹpútà tí ó yà á kò rí ará Mọ́kọ́lá ní Ìbàdàn rí. Lẹ́yìn àwòrán ni ọjọ́ òkúta ìpìlẹ̀. Gómìnà a gbé àkẹtẹ̀ líle àwọn òṣìṣẹ́ lé orí fìlà abetí-ajá, a fi ṣọ́bìrì tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn onílù a dáhùn, àwọn ìyá ẹgbẹ́ òṣèlú nínú aṣọ ẹgbẹ́jọdá a gbé e lórin, agbaṣẹ́ṣe a sì ti gba owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí eruku ijó tó rọlẹ̀. Ó wá kù kí akéwì kì í: Pápá ọmọ Sìmẹ́ǹtì, òkè tí a fọwọ́ mọ, a-jẹ-bílíọ̀nù-má-gùnfẹ̀, a-bẹ̀rẹ̀-lójú-gómìnà-kan-má-parí-lójú-ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ilé tí a ṣí tán kí a tó kọ́ ọ tán.

N kì í ṣe ọ̀tá pápá ìṣeré o, n kò sì sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀lẹ. Abẹ́ koríko tí a ń fojú rí ni iṣẹ́ gan-an wà: a óò gbẹ́ ilẹ̀, a óò ri páìpù tí wọ́n lu níhò mọ́lẹ̀ kí omi òjò lè rí ọ̀nà bá lọ, a óò da òkúta wẹ́wẹ́ lé páìpù, a óò da iyanrìn lé òkúta, a óò sì tẹ́ àárín pápá ga díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ kí omi má baà gbà á ṣe ibùgbé. Bí agbaṣẹ́ṣe bá jẹ ọ̀kan nínú ìpele wọ̀nyí mọ́ owó, kò sí àlejò tí yóò mọ̀ lọ́jọ́ ìṣílé. Òjò oṣù Òkúdù ni yóò tú àṣírí rẹ̀. Bí òrùlé bá sì ga jù, koríko a máa wá oòrùn tì. Kódà àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi òfin bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá lélẹ̀ fún gbogbo ayé, rí ìjà lọ́wọ́ pápá Wembley tuntun. Wọ́n na irin rọ́bótó kọjá lókè orí rẹ̀ tí ó ga ní mítà 133. Lóṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2006, irin òrùlé kan yẹ̀ wálẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tú jáde. Lóṣù yẹn kan náà ni wọ́n rí i pé páìpù ìdọ̀tí abẹ́ ilẹ̀ ti wọ́. Àṣekágbá ìdíje FA Cup tí wọ́n ti pinnu fún un lọ́dún náà sì wáyé ní Cardiff. Owó tí ó bá a lọ lé ní 750 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Nígbà tí wọ́n ṣe àṣekágbá àkọ́kọ́ níbẹ̀ lóṣù Ẹ̀bìbí ọdún 2007, Didier Drogba, ọmọ ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ni ó gbá góòlù kan ṣoṣo tí Chelsea fi na Manchester United, koríko tí ó sì fi ṣeré yẹn, léraléra ni wọ́n ń hú u tí wọ́n ń tẹ́ òmíràn. Ṣùgbọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ nílé kí wọ́n tó kọ́lé: ọdún 1888 ni líìgì wọn ti bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sì wà ní ìletò tí kò ní ju ilé ọtí kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé, sí Sùúrùlérè ní Èkó. Ọdún 1972 ni wọ́n parí pápá ìṣeré àpapọ̀ ibẹ̀, kí ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kejì tó kàn wá lóṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1973, kò sì sí irọ́ ńbẹ̀ pé ilé náà jẹ́ àwòpadàsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni Green Eagles, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, ti fi góòlù mẹ́ta sí òdo na Algeria ní ọjọ́ 22 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1980, tí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, tí Muda Lawal gbá ọ̀kan, tí ife Áfíríkà kọ́kọ́ wọ ilé wa. Níbẹ̀ náà ni Samuel Okwaraji ti ṣubú lójú eré ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún ọdún 1989, nígbà tí a ń bá Angola wọ̀yá ìjà, tí akin kò sì dìde mọ́. Ilé tí ó ti gbé irú ayọ̀ bẹ́ẹ̀ àti irú ọ̀fọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ẹni bá lójú àánú ì bá gbá a, ì bá nù ún. Àwa jẹ́ kí igbó hù ú. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ gbẹ, ìjókòó ya, òrùlé jò, àwọn alátẹ àti ọlọ́tí sì gba àyíká rẹ̀ kan, débi pé lọ́jọ́ mìíràn ariwo tí ẹni tí ń kọjá lọ yóò gbọ́ níbẹ̀ kì í ṣe ti góòlù, ti ẹni tí ń béèrè ẹja sísun kejì ni.

Ta ni ó kọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n gba ife ọdún 1980? Kì í ṣe Sùúrùlérè. Muda Lawal ń kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì kí bọ́ọ̀lù tó sọ ọ́ dẹni àpéwò. Òun àti Ọdẹ́gbàmí, Shooting Stars ti Ìbàdàn ni wọ́n ti wá, ẹgbẹ́ tí ó ti gba ife Áfíríkà fún àwọn tí ó gba ife orílẹ̀-èdè wọn lọ́dún 1976, kí ẹgbẹ́ mìíràn ní Nàìjíríà tó gba irú rẹ̀. Lẹ́yìn ìran wọn ni pápá eléruku wà, àti pápá ilé-ìwé, níbi tí ọ̀gá àgbà ti máa ń dúró tòun ti pàṣán lábẹ́ igi máńgòrò, tí ó ń díbọ́n pé òun kò mọ ilé-ìwé tí ó yẹ kí ó borí. Ibẹ̀ ni àgbàlá tí ọmọ ti ń kọ́ ìrìn. Ẹ rìn ká àwọn ìlú ńlá wa lónìí kí ẹ wá a wò: ẹ óò bá ṣọ́ọ̀bù lára ògiri rẹ̀, ẹ óò bá ilé epo ní igun rẹ̀, níbòmíràn ẹ óò bá ilé-ìwé aládàáni alájà mẹ́ta tí wọ́n kọ́ sórí ibi tí òpó góòlù wà tẹ́lẹ̀, tí òun náà kò ní pápá kankan. Ọmọ kọ́ ni ó tà á. Àwọn bàbá ni, pẹ̀lú ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Òwe àtijọ́ mọ olè inú ilé kan. Kò mọ ìkejì, ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́.

Nígbà tí Sùúrùlérè sì bẹ̀rẹ̀ sí í hewú, a kò wá ẹni tí yóò pa á láró. A kọ́ òmíràn. Ìdíje gbogbo Áfíríkà tún kàn wá lọ́dún 2003, a sì na ilé tuntun sí Abuja, oníjòókòó 60,491, tí owó rẹ̀ tó nǹkan bí 360 mílíọ̀nù dọ́là, tí àwọn ènìyàn sì fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tí wọ́n gbọ́ iye náà. Kò pẹ́, kò jìnnà, koríko ibẹ̀ náà pọ́n, ó yọ egbò, a sì ní láti na ọwọ́ ìrànwọ́ sí ọlọ́rọ̀ kan kí ó tó tún tutù. Ní ọjọ́ 12 oṣù Òkúdù ọdún 2019, wọ́n sọ ilé náà ní orúkọ Moshood Abíọ́lá. Orúkọ náà yẹ ẹ́ ju bí àwọn tí ó sọ ọ́ ti mọ̀ lọ, tàbí kí n sọ pé ó bá a wí: nítorí ohun tí Abíọ́lá ṣe fún bọ́ọ̀lù nígbà ayé rẹ̀ ni pé ó kó ọmọ jọ ní Abẹ́òkúta, ó bọ́ wọn, ó sanwó wọn, ó pè wọ́n ní Abiola Babes, wọ́n sì gba ife Challenge Cup lọ́dún 1985 àti 1987. Ọkùnrin tí ó kọ́ ọmọ ni a fi orúkọ rẹ̀ kan ilé tí kò ní ọmọ nínú. Ọjọ́ tí ilé náà sì kún dẹ́nu, ìyẹn ọjọ́ 29 oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2022, tí Ghana bá wa ta ọ̀mì kan sí kan tí a fi pàdánù ìdíje àgbáyé ti Qatar, àwọn òǹwòran fo wọ inú pápá, wọ́n fọ́ ohun tí ó ṣeé fọ́, wọ́n fa ohun tí ó ṣeé fà ya. Ọmọ tí a kò kọ́ kò tilẹ̀ dúró wá oníbàárà.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní ẹ̀sín àwa nìkan kọ́, òótọ́ ni ó sì sọ. Ní Manaus, láàrin igbó Amazon ní Brazil, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó irin láti Portugal kọjá òkun, wọ́n gba odò wọ inú igbó, wọ́n kọ́ ilé tí ó gba èrò tí ó lé ní 40,000; ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ni ìdíje àgbáyé ọdún 2014 ṣe nínú rẹ̀, ó sì jókòó ti ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sí ní ipò gíga kankan nínú líìgì Brazil nígbà náà. Ẹ̀gọ̀ tí ó kọjá òkun kò di ọgbọ́n.

Bí gómìnà tí ó ń ka ìwé yìí bá ní àwòrán kan lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ báyìí, n kò ní kí ó já a. Kí ó kọ́kọ́ fi owó oṣù ogún ọdún fún ọkùnrin tí yóò máa gé koríko sínú ìwé àdéhùn, kí ó kọ orúkọ ọkùnrin náà sára òkúta ìpìlẹ̀ lókè orúkọ tirẹ̀, kí ó sì gba pápá ilé-ìwé méjì padà lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù kí ó tó ra ṣọ́bìrì onírìbọ́ọ̀nù. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èmi fúnra mi yóò dá aṣọ ẹgbẹ́jọdá, n óò sì jó. Ṣùgbọ́n n kò tíì fún télọ̀ ní owó.