Ìgbín Odò

Bí ẹ bá dé Key West, erékùṣù tí ọ̀nà US 1 parí sí ní ìsàlẹ̀ Florida, ẹ ò ní pẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín èèyàn níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní conch, ìyẹn ìgbín òkun. Àjèjì tó bá ti lo ọdún méje gbáko di ìgbín odò. Bàbá tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí, ìgbín odò ni. Ẹ ò tíì béèrè, á ti sọ fún yín.

Ẹ ò lè wọ ilé eré kan níbẹ̀ kẹ́ ẹ má bá a pàdé. Láti oṣù Kejìlá tí òtútù bá ti lé e kúrò ní Ohio, títí di ìparí oṣù Kẹrin, ìjókòó iwájú ni tiẹ̀: sòkòtò péńpé, sálúbàtà, gíláàsì wáìnì lọ́wọ́. Red Barn ló fẹ́ràn jù, ní òpópó Duval. Ilé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni tẹ́lẹ̀, ìjókòó 88 péré ló gbà. Níbi tí èèyàn ò bá ti pé ọgọ́rùn-ún, ta ni kò ní rí bàbá nígbà tó bá ń wọlé?

Bó bá jókòó tán, ìwé ètò ló máa ń ṣí. Ó fo ẹni tó kọ eré, ó fo àwọn òṣèré, ó di ẹ̀yìn pátápátá níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn olóore sí. Á fi ìka tọ́ ọ láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ nínú èsì ìdánwò. Bó bá ti rí tiẹ̀, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á bọ́ awò ojú, oorun á sì gbé e lọ.

Àkókò ìsinmi ló máa ń jí. "Tom ò jẹ́ gbà kí wọ́n ṣe é báyìí láéláé!" Tennessee Williams, òǹkọ̀wé eré nnì, ló ń pè ní Tom. Lóòótọ́, Williams kọ́lé ọkàn rẹ̀ sí Key West, ó ní ilé níbẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n sì fi sọrí rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ní Stock Island lọ́dún 1980. Ṣùgbọ́n 1983 lọkùnrin náà kú. 2009 ni bàbá wa kó dé.

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn tó ń rìn lórí okùn àtàwọn tó ń fi iná ṣeré máa ń kún Mallory Square bí oòrùn bá ń wọ̀. Fìlà ni wọ́n fi ń gbowó. Bàbá á gba àárín wọn kọjá lọ sí ilé eré Waterfront Playhouse, kò ní ju ẹyọ dọ́là kan sílẹ̀. Ó ní ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọnà. Fìlà ò kúkú níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ olóore sí.

Ilé San Carlos ńkọ́? Àwọn ọmọ Kúbà tí wọ́n sá wá sí erékùṣù náà ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1871. José Martí, aṣáájú ìjà òmìnira Kúbà, bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1892, nígbà tí àwọn tó ń wé sìgá ń yọ nínú owó iṣẹ́ wọn fún òmìnira ìlú wọn. Bàbá mọ ibẹ̀ dáadáa. Ó ní àtẹ̀gùn mábù rẹ̀ dára fún fọ́tò.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Owó rẹ̀ wúlò. Tíkẹ́ẹ̀tì ìjókòó 88 kò lè dá gbé ilé eré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọmọbìnrin kan láti ilé eré tọ̀ ọ́ lọ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé yín, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré, fún òṣèré wa tuntun. Kò ríbi gbé."

Bàbá fọwọ́ lé e léjìká. "Ọmọ mi, iṣẹ́ ọnà ni mò ń ràn lọ́wọ́. Mi ò ṣe òwò òtẹ́ẹ̀lì."

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta dọ́là lọ́sẹ̀ ló ń fi yàrá ọ̀hún gba àlejò. Nígbà tí wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé fáwọn òṣìṣẹ́ ní òpópó kejì, òun ló kọ́kọ́ kọ̀wé pé yóò ba ẹwà ìlú jẹ́.

Lálẹ́ tí eré parí, àtẹ́wọ́ ló jí i, òun ló sì kọ́kọ́ dìde. Òṣèré náà tẹríba fún un. Lẹ́yìn náà ó wọ mọ́tò, ó kọrí sí US 1 lóru, lọ sí yàrá tó rí gbà ní erékùṣù kẹta, àtíkè ìtàgé ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Wọn ò tíì dé Key West ni. Oṣù Karùn-ún dé, ìgbín wa fà, ó gba Ohio lọ. Ìkarahun rẹ̀ dúró: wọ́n tì í pa, yàrá márùn-ún ṣófo, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń kùn nínú rẹ̀ títí di oṣù Kejìlá.