Pọ́n-ùn Méje àti Ìyá Alágbo

Bí ẹ bá gba Ọjà'ba sọ̀kalẹ̀ wá sí Kúdẹtì n'Ìbàdàn, ara ògiri ni ẹ ó ti máa kàwé. ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ọ̀dà pupa ni wọ́n máa fi ń kọ ọ́, wọ́n á sì fi 419 tì í lẹ́yìn. Ọmọ mi tí a bí ní Peckham dúró wo ọ̀kan títí, ó ní, "Dádì, èyí tí wọn ò tà ni wọ́n ń polówó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ní London, ilé tó wà fún títà ni wọ́n ń ri pátákó mọ́ iwájú rẹ̀. Ní Ìbàdàn, èyí tí wọn ò tà ló ń pariwo.

Ó nídìí. Ilé bàbá ẹni kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan nínú ọmọ ilé bá jí láàárọ̀ tó ní òun fẹ́ tà á, tí olórí ẹbí kò sí níbẹ̀, òfo ni títà náà lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsọ fún àwọn àgbà ìdí igi yòókù, ìyẹn ẹ̀ka ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè gba kóòtù lọ, kí wọ́n ní kí adájọ́ tú u ká. Ẹni tó fẹ́ rà á ní láti mọ iye ìyàwó tí bàbá àgbà ẹni tó ń tà á fẹ́.

Ẹ má pè é ní àwàdà. Ogún Suberu Dawodu, ará Èkó tó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sáyé lọ, dá ẹjọ́ sílẹ̀ títí ó fi dé iwájú àwọn adájọ́ Privy Council ní London ní 1962. Ẹ sáà wo àwọn àgbà adájọ́ ní ìlú oníyàwó-kan, tí wọ́n jókòó ti ìyàwó oníyàwó: ṣé orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, ni ká fi pín in ni, àbí ìdí igi? Ìdí igi ni wọ́n fi ọwọ́ sí.

Ti ilé ní England ò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ san pọ́n-ùn méje fún Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń kọ orúkọ onílé sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ onílé á jáde, pẹ̀lú báǹkì tó yá a lówó. Ẹ ò ní rí ojú ẹnikẹ́ni. Báyìí ni mo ṣe mọ gbèsè aládùúgbò mi, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ òjò nìkan ló ń pa wá pọ̀.

Ìyá alágbo tó wà ní ìkóríta ni Land Registry ti Kúdẹtì. Ẹ kọ́kọ́ ra agbo jẹ̀dí, ẹ mu ún, kẹ́ ẹ tó béèrè. "Ta ló ní òun fẹ́ ta ilẹ̀ yẹn? Ayálégbé mà ni bàbá rẹ̀ níbẹ̀!" Bí inú ìyá bá dùn, á tún dárúkọ ẹni tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á fún. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ ó tó wá lọ́yà àti ẹni tí yóò wọn ilẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé ìwé lọ sí Sẹkitéríàtì l'Ágodi, torí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti kó gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ Gómìnà. Ẹbí lè tọwọ́ bọ̀wé tán, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n mu ọtí. Gómìnà tí kò bá wọn mu níbẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Ti mọ́tò ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ìwé mọ́tò tí ìjọba Britain ń fi ránṣẹ́ láti Swansea sọ ọ́ gbangba lára rẹ̀ pé òun kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni mọ́tò. Tiwa ní Nàìjíríà ń jẹ́ ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín, àmọ́ ọdọọdún lẹ ó máa tún un gbà.

Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Luton, nílẹ̀ England, fún Mọ́gàjí, olórí ilé wa. Ní 2021, àlùfáà kan tó nílé níbẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní Wales. Àwọn aládùúgbò ló pè é pé àwọn rí iná nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó fi máa débẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ṣílẹ̀kùn mọ́, wọ́n ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹnì kan ti fi orúkọ rẹ̀ ta ilé náà ní £131,000, ìwé sì ti sọ pé ẹlòmíràn ló ni ín.

Bàbá gbé ife sílẹ̀. "Ẹni tó rà á, kò wá kí ará ilé?"

"Rárá, Bàbá."

"Kò gbé ọtí wá?"

"Kò gbé nǹkan kan wá, sà."

Wọ́n mirí títí. Wọ́n wá bi mí pé ilé tí èmi náà ń gbé lọ́hùn-ún ńkọ́, ta ni ìwé sọ pé ó ni ín. Mo ní orúkọ mi ló wà níbẹ̀, ti báǹkì wà nísàlẹ̀.

"Báǹkì?" ni Bàbá wí. "Ìdí igi wo nìyẹn ti wá?"