Ìyá Ìbejì, Ẹ Gbọ́ Tẹnu Mi

Ìyá Ìbejì, ẹ má dìde, ẹ máa rẹ́ ẹ̀fọ́ yín lọ, etí yín nìkan ni mo fẹ́ yá.

Ọmọ Bàbá Onílé tó wà ní Poland fi fọ́tò ránṣẹ́. Ó dúró sídìí ilé àṣọ́ kan ní Warsaw tí wọ́n ń pè ní Barbican. Ọdún 1540 ni wọ́n kọ́ ọ. Ogun Hitler sọ ọ́ di àlàpà. Wọ́n tún un kọ́ láàárín 1952 sí 1954. Bàbá Onílé ń gbé fóònù kiri bí ẹni pé òun ló po sìmẹ́ńtì. Ó fi han òṣìṣẹ́ NEPA tó wá gé iná wa!

Mo ní Bàbá, ẹ rọra. Ààfin àtijọ́ Déjì, ọba Àkúrẹ́, ńkọ́, níbí, lẹ́bàá Ọjà Ọba? Ọdún 1150 ni wọ́n ní ó ti wà, amọ̀ sì ni ògiri rẹ̀ o. Àwọn àgbàlá tí à ń pè ní ùà níbẹ̀ ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, kálukú sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ìkómọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọmọ lórúkọ. Ùà Jẹ́mifọ̀hùn, ibẹ̀ ni Déjì àti ìjòyè ti ń gbìmọ̀. (Ẹ má fojú burúkú wò mí, mi ò ní í bá wọn jókòó.) Ùà Ùbúra sì rèé, ìbúra nìkan ni tibẹ̀.

Ìbúra! Ta ló jẹ ẹran ìkòkò Ìyá Sùúrà lọ́jọ́ Àìkú? Wọ́n ní ológbò ni. Ológbò wo ló ń ṣí ìdérí, tó ń ṣa ṣàkì nìkan, tó tún ń dé ìkòkò padà?

Kí ni mò ń sọ ná? Ẹ̀n-ẹ́n, àwọn ọmọ. Tíṣà ń kó wọn lọ sí Ìdànrè, wọ́n ń gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 lọ wo ìlú àtijọ́ lórí òkè, itan ni wọ́n ń nà fún wa nírọ̀lẹ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ààfin tí wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ ra ata, wọn ò wọ̀ ọ́ rí. Kí wọ́n fún ọmọdé ní ùà kan péré, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n po amọ̀, kí wọ́n mọ ògiri. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà ní Àkúrẹ́ yìí, wọn ò lè rán onítàn kan wá?

Ẹ̀yin ará Oǹdó náà, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ìtàn yín ní obìnrin ló kọ́kọ́ jọba, Púpùpú, ìbejì bíi tiyín, nígbà tí ìbejì ṣì jẹ́ èèwọ̀ láàfin tí wọ́n ti wá. Nítorí rẹ̀ ni Lóbùn fi wà títí dòní, obìnrin tó ń fi Òṣemàwé Oǹdó jọba. Mo bi Kẹ́hìndé yín léèrè ta ni Púpùpú. Ó ní ṣé kì í ṣe jẹnẹrétọ̀ ni.

Jẹnẹrétọ̀! Ọba!

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi máa kó àwọn méjèèjì lọ sí ààfin. Ẹ bá mi di ìrẹsì fún wọn, pẹ̀lú ọbẹ̀ tó wà lórí iná yẹn. Ó ń ta sánsán. Mi ò kúkú tọpinpin o, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lẹ ra ṣàkì?