Jíìpù Tí Gbogbo Agboolé Ń Retí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Èmi kì í ṣe olófòófó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń lọ ni mo kàn máa ń wà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí odidi agboolé kan ní Ìfọ́n fi ń ṣọ́nà mọ́tò tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò ní rà, ẹ fa àpótí yẹn súnmọ́bí.

Bàbá Onílé ló dá a sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà ní Houston, RAV4 ti 2013 ló ń gùn. Ó pe Bàbá pé Toyota ń yí RAV4 padà látòkè délẹ̀, pé bí tuntun bá ti jáde, òun á rà á, òun á sì fi ti ọwọ́ òun ránṣẹ́ sílé. Bàbá ò gbọ́ràn dáadáa, gbangba ló máa ń ṣí fóònù sí. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ti mọ àwọ̀ mọ́tò náà.

Bó ṣe di ti gbogbo wa nìyẹn. Bí RAV4 bá dé, Bàbá á gbé Highlander tó ń gùn, ti 2008, fún àna rẹ̀ ní Ìdó-Àní. Àna á gbé Corolla fún àbúrò ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa níbí. Tíṣà sì ti ṣèlérí ọ̀kadà rẹ̀ fún ọmọ Ìyá Ìbejì. Ẹ wá wò ó! Kí ọmọ Ìyá Ìbejì tó gun ọ̀kadà ní Ìfọ́n, àfi kí àwọn ará Jàpáànì kọ́kọ́ parí iná iwájú mọ́tò.

Àbí irọ́ ni? Kì í ṣe tuntun la máa ń retí. Èyí tí tuntun bá lé kúrò lójú títì lọ́hùn-ún là ń ṣọ́. Nígbà kan ṣá, a rí tuntun gùn. Bàbá kì í sinmi lórí 504 tí wọ́n ń tò pọ̀ ní Kàdúná láti 1975, àti Volkswagen Ìjàpá tí àwọn ará Èkó náà ń tò ní tiwọn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá ibi sùn sí, torí á dé orí ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ 504 lọ sí Benin, á sọ ẹni tó jókòó níwájú, á sọ ẹran tí wọ́n jẹ lójú ọ̀nà àti iye tí wọ́n rà á. Lẹ́yìn 504, Kútọnu la wá ń lọ ra tòkunbọ̀, títí ìjọba fi sọ pé láti oṣù kìíní ọdún 2017, mọ́tò ò gbọdọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, àfi èbúté. Ẹnubodè tí Highlander Bàbá gbà wọlé, ẹ má bi mí.

Màmá, ìyàwó Bàbá, ló mọ ohun tó ń fẹ́ ní tiẹ̀. Highlander yẹn, ẹ́ńjìnnì onípísítìnì mẹ́fà ni, lítà mẹ́ta àtààbọ̀. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà tí kò tó igba náírà fò kọjá ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ọjọ́ Sunday nìkan ló ń jáde, láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ́ńjìnnì kì í tíì gbóná tí wọ́n fi ń pa á. Ti RAV4, mẹ́rin ni písítìnì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n epo kọ́ ni ọ̀rọ̀ gan-an. Búùtù ni. Ọ̀rẹ́ Màmá kan nínú kwáyà ní RAV4 ti 2008, èyí tí wọ́n so sípíà táyà mọ́ lẹ́yìn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn yàrá. Ní ọjọ́ ìkórè, ó fi ẹ̀yìn mọ́tò gbá ògiri ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ra, iṣu kún inú búùtù, báàtìrì wá kú. Ìdí mọ́tò ò kúrò lára ògiri, ilẹ̀kùn ò ṣí. Orí àga ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń na iṣu síta lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà ìjọ tò wọ́n gbà, yẹtí olóyè kan sì há mọ́ orí àga. Ọjọ́ yẹn ni Màmá búra pé òun ò ní gun irú ẹ̀ láé. Láti ti 2013 ni ẹ̀yìn RAV4 ti ń ṣí sókè, tí sípíà táyà ti wọ abẹ́ ilẹ̀ búùtù lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò ní fi ṣẹ̀fẹ̀. Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni àwọn agbébọn pa Olúfọ́n wa, Ọba Israel Adéùsì, ní Elegbeka lójú ọ̀nà, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Àkúrẹ́. Látìgbà náà, jíìpù ńlá tó ń dán kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn lọ́nà Ọ̀wọ̀ mọ́. Màmá ní èyí tó kéré, tó sì ti gbó díẹ̀, ló wu òun.

Oṣù karùn-ún ọdún 2025, Toyota ṣí aṣọ lójú RAV4 tuntun. Rìwáyà tó wà lódìkejì títì ló gbé e wá lórí fóònù, gbogbo wa bo fóònù náà. Ó ní ti Amẹ́ríkà ò ní ẹ́ńjìnnì elépo lásán mọ́, gbogbo ẹ̀ ló ní iná nínú. Ìyá Ìbejì bú sẹ́rìn-ín: iná tí BEDC ń fún wa tí kò tó lọ ata! Rìwáyà ní kó fara balẹ̀, pé èyí tó wọ́pọ̀ kì í gba wáyà, bí wọ́n bá ti ń tẹ bíréèkì ló ń fi ìyẹn rọ báàtìrì, òmíràn ló ní ihò tí wọ́n ń ki wáyà bọ̀. Wọ́n fi í jiyàn títí oúnjẹ fi jóná. Èmi ní kí ló kàn wá níbẹ̀? Ti 2013 là ń dúró dè.

Ọmọ rà á lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó pè, Bàbá gbé fóònù wọ yàrá lọ, ó tilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ohùn Màmá ò nílò fóònù. “O fún wọn? O gbé mọ́tò bàbá ẹ fún àwọn tó ń ta mọ́tò?” Àṣé lọ́hùn-ún, ẹni tó ń ta tuntun fún ọ lè gba ògbólógbòó lọ́wọ́ ẹ, kó yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó. Ọmọ ti ṣírò owó ọkọ̀ ojú omi àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù, ó ní òun ò lè rù ú.

Bàbá gbéra, ó gbé Highlander lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ ojú mọ́tò. Wọ́n yọ báńpà, iná iwájú àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n fi ti 2011 sí i. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ ó búra. Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, 2008 ń wò yín, pẹ̀lú ibi tí ewúrẹ́ ti fi ìwo ha á. Àna wá láti Ìdó-Àní, ó béèrè ìgbà tó máa kàn án. Bàbá ní bí wọ́n bá tún yí RAV4 padà. Wọ́n yí i ní 2012, 2018 àti 2025, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹni tó ṣe mí láàánú ni tíṣà. Ó ti ta ọ̀kadà rẹ̀ fún ẹlòmíì, ó ní Corolla ń bọ̀. Ọmọ Ìyá Ìbejì tó já kulẹ̀ ti lọ gba tiẹ̀, ó ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òun ló ń gbé tíṣà lọ sí ilé ìwé láràárọ̀ báyìí, tíṣà ò sì tíì san kọ́bọ̀.