Ta Ló Gbé Igbá Wàrà Lọ?

Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Bí àwọn àgbà ṣe wí nìyẹn, a kò sì ní bá wọn jiyàn. Àmọ́ fífún nìkan ni òwe náà mẹ́nu bà; kò sọ ẹni tí yóò gbé igbá wàrà lọ sílé. Àlàfo yìí ni àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ òde òní rí tí wọ́n gba ibẹ̀ wọlé. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbani síṣẹ́, òwe yìí ni wọ́n ń pa. Bí owó oṣù bá fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́, òun náà ni. Lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ bá sì kọ̀wé pé òun ń lọ, wọ́n á sọ ọ́ di èpè. Wọ́n á ní ọmọ ìwòyí kò ní láárí, pé bàbá rẹ̀ lo ọdún 35 nídìí iṣẹ́ kan ṣoṣo, òun kò lè lo ọdún méjì. Wọn ò parọ́, bàbá lo ọdún 35. Ohun tó dá a dúró síbẹ̀ ló yẹ ká bi wọ́n.

Owó ló dá a dúró. Lábẹ́ ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba a máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi lo ọdún 35 tàbí tí yóò fi pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Gírátúítì ń dúró dè é, owó ìfẹ̀yìntì á sì máa wọlé lóṣooṣù títí dọjọ́ ikú. Iye ọdún tó bá lò ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá tètè já iṣẹ́ jù sílẹ̀, ọwọ́ òfo ló ń gbé lọ. Ẹ wá fi àfikún owó oṣù ti 1975, tí wọ́n ń pè ní owó Údójì, lé e. Ta ni orí rẹ̀ pé tí yóò fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀? Ìṣirò ni bàbá ṣe, ó sì ṣe é dáadáa. Bẹ́ẹ̀, ní ọdún 1975 yẹn kan náà, ìjọba Murtala Muhammed gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní ẹgbàárùn-ún, lójú ẹsẹ̀; àwọn kan orí rédíò ni wọ́n ti gbọ́ orúkọ ara wọn. Nigeria Airways, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ìjọba, kógbá sílé ní 2003. Ó di 2018, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san díẹ̀ nínú owó tí wọ́n jẹ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wá ṣe àyẹ̀wò ná. Arúgbó á gbé fáìlì sábẹ́ abíyá, ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó ti pọ́n bíi taba nínú rẹ̀, á wá fi han ọmọdé akọ̀wé pé òun ṣiṣẹ́ lóòótọ́, àti pé òun ṣì wà láàyè. Àwọn tó ti kú, ọmọ tàbí ìyàwó wọn ló bá wọn tò.

Àwọn ọmọ tí a ní wọn kò ní sùúrù yìí, ojú wọn ló ṣe é. Ní 2004 ni òfin ìfẹ̀yìntì tuntun ti dé, tó ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò owó tirẹ̀, tí yóò máa bá a lọ síbikíbi tó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ìjọba fúnra rẹ̀ ló tú okùn tó so bàbá mọ́lẹ̀, òun náà ló tún ń bínú pé ọmọ ń rìn. Ní òpin 2005, báǹkì 89 ti di 25 nígbà tí wọ́n ní kí olúkúlùkù ní bílíọ̀nù 25 náírà. Òṣìṣẹ́ tó bá ìyẹn lọ kò kéré. Ẹ wá wo ọmọ tó ń ka owó lẹ́yìn káńtà lónìí. Àmì báǹkì wà lára táì rẹ̀, àwọ̀ báǹkì wà lára ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kan ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ ti wá, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹni tó jókòó tì í. Bí ọdún bá ń parí lọ, wọ́n á pè é síbi àríyá, ọ̀gá á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á ní, “Ẹbí kan ni wá níbí.” Ẹbí tí agbaṣẹ́ṣe bá wa kó jọ! Bó bá sì kan ká túká, òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìkìlọ̀ oṣù kan ló tọ́ sí i. Ì báà lo ọgbọ̀n ọdún, oṣù kan náà ni.

Wọ́n á ní sùúrù ni kò sí. Ọmọ tó wọ fásitì ìjọba fún ọdún mẹ́rin, tí ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, gba bí oṣù mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020, tó tún gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, tí kò sì sá kúrò níbẹ̀, sùúrù wo ni ẹ tún fẹ́ kó ní? Ẹjọ́ tó tọ́ ká gbọ́ ni ti oníṣòwò kékeré tó kọ́ ọmọ níṣẹ́, tí ọmọ mọ̀ ọ́n tán tó sì lọ. Ó dùn ún, kò sì jẹ̀bi. Àmọ́ ẹ bi aránṣọ tàbí mẹkáníìkì àdúgbò yín: láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀gá àti òbí ti jọ dá ọjọ́ tí ọmọ yóò lọ. Bó bá pé, wọ́n á ṣe firídọ́ọ̀mù fún un, wọ́n á gbàdúrà sí i lórí, ọ̀gá á sì jó. Láàárín oníṣẹ́ ọwọ́ wa, kò sẹ́ni tó ń pe lílọ ní ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ọ́fíìsì ló gbé èyí dé.

Àwọn ọmọ náà ní àgọ̀ tiwọn. Wọ́n ní wòlíì lórí fóònù tó ń ta ẹ̀kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi iṣẹ́ mẹ́ta pa dọ́là lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí kò tíì mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà ti ń kọ “olórí ẹ̀ka” sínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ń fi oṣù mẹ́jọ mẹ́jọ ṣiṣẹ́ kò ní dúró rí àbájáde àṣìṣe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń wọni lára. Ti ìmọ̀ yìí nìkan ni mo gbà pé òwe wa ṣì bá wí, torí kò sí ọ̀gá tó lè gbé e lọ sílé.

Ní ti àwọn ọ̀gá tó ń wá ẹni tí yóò bá wọn kalẹ́, kí wọ́n yéé pòwe ná. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́, kí wọ́n fi ìdá 10 tiwọn kún un, kó sì dé àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tí wọ́n bá sanwó oṣù. Ẹ kọ́kọ́ san ti oṣù tó kọjá.