Ilẹ̀ Tí Kò Ráyè Lanu

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbà tó pa òwe yìí mọ ògiri dunjú. Inú ilé amọ̀ ni wọ́n gbé dàgbà. Bí ọyẹ́ bá la ògiri, wọn a po amọ̀ tuntun, wọn a fi dí ojú ibẹ̀, aláǹgbá a bá ibòmíràn lọ. Ọ̀rọ̀ ẹbí ni wọ́n ń fi òwe náà sọ, kí ará ilé má tú àṣírí ilé fún ará ìta. Ṣùgbọ́n ní Bassila àti Manigri ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí bíríkì àti sìmẹ́ńtì ti ń gba ipò amọ̀, ó ku ẹnì kan tí òwe yìí ṣì ń bá wí ní tààrà: ẹni tó fẹ́ tẹ́ lámínéètì sí pálọ̀ rẹ̀.

Kí ni lámínéètì? Fọ́tò igi ni. Wọ́n á lọ igi kúnná, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pò ó, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le bíi pákó. Wọ́n á wá lẹ bébà tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí mọ́ ọn lórí, wọ́n á sì fi ike dídán bò ó kí bàtà má baà ha á. Ilé-iṣẹ́ Perstorp ní Sweden ló gbé e jáde ní 1977, orúkọ tí ayé sì fi mọ̀ ọ́n ni Pergo. Láti nǹkan bí 1996, ó ti kúrò ní ohun tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ara wọn. Etí ọ̀kan a kàn há sínú etí èkejì, ó parí. Ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká igi gidi, a rí àwòrán rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Àmọ́ Bassila kì í ṣe ìlú tí igi ti wọ́n. Igbó ìjọba wà ní Pénéssoulou, igbó Monts Kouffé àti ti Wari-Maro kò sì jìnnà síbẹ̀. Ìrókò, apá àti ọ̀gánwó ni àwọn káfíńtà àdúgbò náà ń rẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Igi tí àwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní kosso ńkọ́? Wọ́n gé e kiri ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, wọ́n kó o lọ sí Ṣáínà fún àga àti tábìlì olówó ńlá, débi pé ní 2016, níbi ìpàdé CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti igi igbó, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè ní láti fi í sára àwọn igi tí a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òwò wọn. Igi gidi ń gba èbúté jáde, fọ́tò igi ń gba èbúté wọlé. Igi wo ló sì sábà máa ń wà nínú fọ́tò ọ̀hún? Oak ni, igi ilẹ̀ òtútù tí ọdẹ Manigri kankan kò fara tì rí.

Kájú ló ń mówó wọlé ní Bassila. Ẹ fojú inú wo baálé ilé kan tó ta kájú rẹ̀ tán, tó ti rí lámínéètì nílé àbúrò rẹ̀ ní Cotonou, nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù kì í sinmi. Ó ra páálí mélòó kan, ó dì í sórí ọkọ̀, ó pe káfíńtà.

“Bàbá, a ó fi àyè sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri o. Mílímítà mẹ́jọ sí mẹ́wàá, yíká.”

“Àyè kẹ̀? Owó mi ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, ìwọ fẹ́ ṣí ẹnu ilẹ̀ sílẹ̀ fún aláǹgbá? Àbí o kò gbọ́ òwe nílé yín ni?”

Káfíńtà kì í bá àgbà jiyàn lórí òwe. Ó tẹ́ ẹ kan ògiri gbọingbọin. Nígbà tí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀, pákó oníyẹ̀fun náà mu ọ̀rinrin ojú ọjọ́, ó wú, ó wá ibi tí yóò gbà, kò rí. Ó bá gbé àárín pálọ̀ sókè bí ẹ̀yìn abuké, ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí mọ́. Àyè tí Bàbá fi dù ú létí ògiri, ó gbà á ní àárín ilé lójú àlejò.

Ojú ọjọ́ àgbègbè náà kò fẹ́ eré. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkẹwàá, òjò ń rọ̀. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, ọyẹ́ a gbẹ afẹ́fẹ́ títí ètè yóò fi sán. Lámínéètì ń wú nínú ti àkọ́kọ́, ó ń sún kì nínú ti ìkejì. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ṣe é fi ní kí páálí wà nínú yàrá náà fún wákàtí 48 kó tó di pé a tẹ́ ẹ, kí ara rẹ̀ mọ ibẹ̀. Pákó tín-ín-rín tí wọ́n ń kàn mọ́ ìdí ògiri ni yóò bo àyè tó yẹ kí á fi sílẹ̀ létí ògiri. Sìmẹ́ńtì tuntun náà ní láti gbẹ dénú: kí á lẹ ọ̀rá mọ́ ọn pinpin ní gbogbo etí, kí á ṣí i lọ́jọ́ kejì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí oníkánjú lọ jókòó. Bó bá tilẹ̀ gbẹ, ọ̀rá líle ṣì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ pákó.

Omi wá ni ọ̀tá gan-an. Àwọn Mùsùlùmí pọ̀ ní Bassila àti Manigri. Búútà ń yí ilé ká, ẹsẹ̀ tútù ń wọlé lẹ́yìn àlùwàlá, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọbìnrin ilé tó mọ ilẹ̀ẹ́ fọ̀, tí wọ́n ń da korobá omi ọṣẹ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún sìmẹ́ńtì. Ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kó mọ́ ni wọ́n ń pa. Etí pákó tó bá ti mu omi wú kì í padà sípò. Ìgbálẹ̀ rírọ̀, aṣọ tí a fún gbẹ dáadáa, kí a sì nu omi tó bá dà lójú ẹsẹ̀: ìtọ́jú rẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹní ìnusẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, nítorí iyẹ̀pẹ̀ pupa ibẹ̀ ní yanrìn tó ń ha ohun dídán.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ rà á, kó ka ara páálí, kó má wo àwòrán nìkan. Àmì AC ń sọ bí ojú rẹ̀ ṣe lè fara da ìtẹ̀mọ́lẹ̀ tó: AC3 tó fún yàrá àti pálọ̀. AC4 dára fún ṣọ́ọ̀bù. Kó wá E1 pẹ̀lú, èyí tó ń sọ pé oró formaldehyde inú gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò kọjá ìwọ̀n. Ní oṣù kẹta ọdún 2015, ètò tẹlifíṣọ̀n 60 Minutes ní Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ilé-iṣẹ́ Lumber Liquidators pé lámínéètì tí wọ́n kó wá láti Ṣáínà ní oró yìí ju òfin California lọ; ní 2017, ilé-iṣẹ́ náà gbà láti fi mílíọ̀nù 36 dọ́là yanjú ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ooru àti ọ̀rinrin a máa mú kí oró náà túbọ̀ jáde, ooru kò sì wọ́n ní Bassila.

Ikán ńkọ́? Apá àti ìrókò ní agbára láti bá ikán jà. Lámínéètì jẹ́ igi tí wọ́n ti bá ikán lọ̀ kúnná. Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á tọ́jú páálí kan pamọ́ fún àtúnṣe, torí àwòrán tọdún yìí lè má sí lọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀, kó sì gbé e sórí pẹpẹ gíga tí ikán kò ní tètè dé.