Etí Adìyẹ Sàn Ju Tiwa Lọ

Ẹni tó ń ra adìyẹ lọ́jà máa ń tẹ àyà rẹ̀ wò, á gbé e sókè bóyá ó wúwo, á wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wo etí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ibi tí adìyẹ ti fi ọmọ aráyé sẹ́yìn gan-an nìyẹn. Ní 1988, ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ Science ti Amẹ́ríkà gbé ìwádìí méjì jáde, ọ̀kan lórí òròmọdìyẹ, èkejì lórí àparò. Àwọn olùwádìí fi ariwo ńlá pa irun wínníwínní tí àwọn ẹyẹ náà fi ń gbọ́ràn nínú etí, wọ́n sì rí i pé kò pẹ́ tí irun tuntun fi ń hù rọ́pò èyí tó kú. Ènìyàn kò rí irú oore yẹn gbà. Ojú wa ní ju 100 mílíọ̀nù ẹyọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ, àmọ́ nǹkan bíi 15,000 péré ni irun ìgbọ́ràn tí a bá wáyé nínú etí kan, èyí tó bá sì kú nínú rẹ̀ kú gbé. Bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí ẹ̀dá kan máa ki íápíìsì bọtí sùn títí ilẹ̀ á fi mọ́, adìyẹ ni ì bá fún ní fóònù.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ki íápíìsì bọtí bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ ìṣirò dátà ju bí akọ̀wé báǹkì ṣe mọ ti owó lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi dátà ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní etí àgbà lè gba ohùn tó tó 80 decibel, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó, fún 40 wákàtí lọ́sẹ̀ láìséwu. Ti ọmọdé jẹ́ 75. Dátà ọ̀sẹ̀ kan nìyẹn. Àmọ́ decibel kì í lọ sókè bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn: bí a bá fi 3 péré kún un, agbára tó ń ya wọ inú etí ti di ìlọ́po méjì, àkókò tó kù sì ti di ìdajì. Ní 83, ó ku 20 wákàtí. Ní 86, ó ku 10. Ní 92, wákàtí méjì àbọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀. Ẹni tó bá tì í dé 101, tí àwọn fóònù kan sì máa ń kọjá, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú ló ní láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé títí di òru ọjọ́ Àìkú. Orin mẹ́fà, dátà tán. Wọ́n á ní àwọn á yá dátà. Etí náà ń yáni, kì í tilẹ̀ béèrè onídùúró. Ìgbà tí ènìyàn bá lé ní ogójì ọdún ni etí yóò wá jókòó ti gbèsè rẹ̀ bí ológò. Ó lé ní bílíọ̀nù kan ọ̀dọ́, láti ẹni ọdún 12 sí 35, tí àjọ yìí sọ pé wọ́n wà nínú ewu yìí káàkiri ayé.

Ká má sì sọ pé agídí nìkan ló ń ṣe wọ́n. Ẹ wo ọmọkùnrin tó jókòó sẹ́yìn dánfó láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọ̀ṣọ́dì. Ẹ́ńjìnnì ń ké lábẹ́ ìdí rẹ̀. Kọ̀ndọ́ ń fọwọ́ gbá ara ọkọ̀, ó ń pe Ọ̀ṣọ́dì bí ẹni pé Ọ̀ṣọ́dì fẹ́ sá lọ. Ọkùnrin tó ń ta àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ti dìde láàárín èrò, ó ń ka àrùn tí oògùn rẹ̀ ń wò, kò tíì kà á dé ìdajì. Íápíìsì pọ́ọ́kú tí ọmọ yìí rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kò dí ihò etí rẹ̀ dáadáa, gbogbo ariwo wọ̀nyí sì ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yọ́ wọlé. Kí ló máa ṣe? Á gbé orin ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, ju kọ̀ndọ́ lọ, ju àgbo lọ, títí ẹni tó jókòó tì í á fi máa gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá délé, jẹnẹrétọ̀ àdúgbò á gbà á lọ́wọ́ dánfó. Ìlú tó ń pariwo ni bàbá ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí; íápíìsì kàn jẹ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí íápíìsì tó dí etí dáadáa, tàbí irú èyí tó ń pa ariwo ìta, fi lè dáàbò bo ọmọ ju ìwàásù òbí lọ: ẹni tí ariwo ìta kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní ìdí láti bá a figagbága. Àmọ́ kó má dí i lójú títì o. Fèrè tírélà kì í ṣe ohun tí a ń pa.

Àwọn ọ̀dọ́ á ní, "Ẹ̀yin àgbà, orin wa lẹ kò fẹ́." Wọn kò jẹ̀bi bí wọ́n bá fura, nítorí kò sí ìran tí kò bú orin ìran tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ irun inú etí kò mọ fújì yàtọ̀ sí hípọ́ọ̀pù. Ìwàásù tí a gbé dé 100 decibel ń pa á bí orin ijó ṣe ń pa á, kódà kí oníwàásù ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ti lè dá wa lẹ́bi dáadáa wà níbòmíràn, ó sì yà mí lẹ́nu pé wọn kò tíì lò ó. Ní 2022, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ Global Health gbé àkójọ àwọn ìwádìí láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ jáde nípa àwọn ẹni ọdún 12 sí 34. Nínú 100 wọn, nǹkan bíi 24 ló ń fi fóònù àti irú rẹ̀ gbọ́ ohun tó ga jù. Àwọn tó ń rí i he níbi eré orin, ilé ijó àti ilé ọtí tó nǹkan bíi 48. Ìlọ́po méjì! Àríyá tiwa náà ńkọ́? Ta ló ń háyà spíkà tó ga ju ilẹ̀kùn lọ síbi ìsìnkú ìyá arúgbó? Ta ló ń gbé ọmọ ọwọ́ jókòó síwájú rẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni tábìlì mọ̀lẹ́bí wà? Bàbá tó gba íápíìsì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, tó wá fà á lọ sí òwàḿbẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, gba ọmọ lọ́wọ́ ológbò ni, ó fà á lé ẹkùn lọ́wọ́.

"A ti ń lọ òwàḿbẹ̀ láti kékeré, etí wa kò sì di." Ẹ kíyè sí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ yìí: kì í rọra sọ ọ́. Ẹ bá a délé, kí ẹ wo ibi tó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ sí. Àwíjàre tó tún gbajúmọ̀ ni pé bí etí bá ń hó lẹ́yìn àríyá, tó dà bí ẹni pé òwú wà níbẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́ á ti là. Òótọ́ ni, ó sábà máa ń là. Àmọ́ ní 2009, àwọn olùwádìí méjì, Sharon Kujawa àti Charles Liberman, ní Boston ṣe irú àríyá bẹ́ẹ̀ fún eku. Wọ́n pariwo fún wọn fún wákàtí méjì, etí wọn sì là padà lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n wá yẹ inú rẹ̀ wò, nǹkan bí ìdajì ibi tí iṣan ti so mọ́ irun ìgbọ́ràn ní apá kan etí náà ti já. Eku gbọ́ràn, iṣan ti lọ. Lóòótọ́, ènìyàn kì í ṣe eku, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ etí, ìbátan eku ni wá, a kì í ṣe ti adìyẹ.

Ohun tó sì máa kọ́kọ́ lọ lára ìgbọ́ràn wa kò lọ bí a ṣe rò. Ariwo kì í gé gbogbo ohùn kù dọ́gba. Àwọn ohùn tínínrín òkè ló kọ́kọ́ ń pa, ní àyíká 4,000 hertz, níbi tí s, f àti ṣ ti ń rí agbára wọn. Dò, re, mí tí Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, ariwo kò ní í ṣe é ní nǹkan kan. Bí ìyá bá wá pe ọmọ rẹ̀ láti ilé ìdáná pé, "Fọ àwo yẹn," ọmọ á gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa, á mọ̀ pé ìyá òun kò ní kí òun fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bóyá "fọ àwo" ni o, bóyá "sọ àwo" ni o, kò lè búra. Yorùbá á di dùndún sí i létí: ìlù ń sọ̀rọ̀, ohùn ń lọ sókè sódò, ẹni tí kò mọ oríkì tí wọ́n ń kì ń mirí bí ẹni tó gbọ́. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn wà, àwọn á ki í bọtí. Ẹ̀rọ á mú ohùn ga lóòótọ́, kò lè hu irun tó ti kú. Ohun kan sì ń pa mí lẹ́rìn-ín: ọmọ tó fi íápíìsì funfun ṣe fáàrí ní ogún ọdún, òun kan náà ni yóò máa fi fìlà bo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn mọ́lẹ̀ bó bá di àádọ́ta.

Ẹ má retí pé òfin á gbà wá. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin ariwo láti 2009. Ìjọba Èkó sì máa ń ti ilé ọtí àti ilé ìjọsìn pa nítorí ariwo, àmọ́ kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lè lẹ bébà mọ́ etí ẹnì kan pé a ti tì í pa. Ní Yúróòpù, láti 2013, fóònù tuntun kò gbọdọ̀ kọjá 85 decibel láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ kìlọ̀. Ìkìlọ̀ yẹn ń yọ lójú fóònù tiwa náà, àwọn ọmọ sì ń fi àtàǹpàkò lé e bí ẹni ń lé eṣinṣin. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́, kó má jẹ́ kí ohùn kọjá 60 nínú 100, kó sì bọ́ ọ kúrò létí kó tó sùn. Ìyẹn tán.

Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni Ọjọ́ Ìgbọ́ràn Àgbáyé lọ́dọọdún. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹ̀yin ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ ṣeun, ẹ kú ìnáwó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má háyà spíkà.